Ẹ Bi Màmá Akọ̀wé: Àwọn Tí A Jọ Kàwé Dà?

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á lójú ìwé yìí pé èmi ni akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì wa láti ọdún 1986 tí a ti jáde ní yunifásítì, àti pé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí mo kọ orúkọ àwa 73 sí ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dòní, ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé ló ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá, ìyẹn àwọn èèyàn tó mọ̀ wọ́n nígbà tí wọn ò tíì di ọ̀gá, ọkọ, ìyàwó tàbí òbí ẹnikẹ́ni. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé wọn kúrú díẹ̀ kí àyè lè gbà wá.

Nọ́mbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù mẹ́rin

*Màmá Akọ̀wé, mo kí yín o. Ọdún 1992 ni mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwa mẹ́ta la jọ gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn tí a túká, ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mejì, n ò fèsì. Kì í ṣe pé mo bínú sí i, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn. Ní báyìí, ẹnìkan ti fún mi ní nọ́mbà rẹ̀, ó sì ti pé oṣù mẹ́rin tí nọ́mbà náà ti wà nínú fóònù mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pè é lara mi ń tutù. Kí ni kí n sọ pé ó ṣẹlẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún? Ṣé kò ní rò pé owó ni mo fẹ́ tọrọ?*
— Aláìfèsì

Ẹ̀yin Aláìfèsì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí èmi náà ti dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn rí, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́dún 1989, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń jókòó ní kíláàsì kọ lẹ́tà sí mi, ojú ewé mẹ́rin, tojú tẹ̀yìn. Ó ròyìn ìgbéyàwó rẹ̀, ó ròyìn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè nípa tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó dára tó bẹ́ẹ̀, mo ní n ò ní fi ìkánjú dá a lóhùn. Mo fi í sínú àpótí tábìlì mi de ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ọjọ́ náà ò dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo rí i pé èsì nìkan ò tó mọ́, àfi kí n fi àwáwí kún un. Nígbà tó fi máa di ọdún méjì, àwáwí náà ti gùn ju èsì lọ. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún, n kì í fẹ́ ṣí àpótí yẹn mọ́ rárá. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ò dín kù o. Ìtìjú ló ń dàgbà lójoojúmọ́ bí ọmọ tí wọ́n ń bọ́.

Lọ́dún 2004, a ń kó kúrò nílé tí a ń gbé. Àwọn ìwé já bọ́ látinú àpótí náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n, lẹ́tà yẹn ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí páálí ẹrù níbẹ̀, mo fa káàdì kan yọ, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta péré sí i: “Lẹ́tà rẹ ti ọdún 1989 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mò ń rántí bí o ṣe máa ń fi ìka ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan tí a bá ń gòkè lọ ṣe ìdánwò. Ṣé àlàáfíà ni?” Ilé àwọn òbí rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí, torí àdírẹ́sì yẹn nìkan ni n ò tíì fa igi lé nínú ìwé orúkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì dé. Kò tiẹ̀ mẹ́nu kan ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ohun tó kọ ni pé òun ò jẹ́ gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú fi ń dun òun nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣe ìdánwò àṣejáde, tí mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn lálaalẹ́, lábẹ́ iná kan ṣoṣo tó máa ń wà ní títàn níbẹ̀, tí mo ń ka ìwé sókè sí òun létí títí ohùn mi á fi há. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N ò rántí rárá. Ohun tí èmi rántí nípa ọdún yẹn ni pé mò ń sá fún gbogbo èèyàn nítorí máàkì. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kàwé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ nù, ọ̀rẹ́ mi ló bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù láti pè yẹn, nǹkan yín kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń tì yín nìyẹn.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe tiyín nìkan. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá méjì, Lara Aknin ní Kánádà àti Gillian Sandstrom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn tó ń wù láti tún bá ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan sọ̀rọ̀, tí ọ̀nà láti kàn sí ọ̀rẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì gbà pé inú rẹ̀ á dùn. Wọ́n tún fún wọn láyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó fi ránṣẹ́ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wá ní kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ déédéé, bí ẹni tó ń na ara kó tó sáré, àwọn tó kọ sí ọ̀rẹ́ àtijọ́ lé ní ìdajì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kí àbúrò yín, kí ọwọ́ yín tó lọ sórí nọ́mbà náà. Ìwádìí mìíràn tí Peggy Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé ẹni tó ń kíni máa ń fojú kéré bí inú ẹni tó kí ṣe máa dùn tó, àti pé bí kíkí náà bá ṣe bá onítọ̀hún lójijì tó ni inú rẹ̀ ń dùn tó. Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi dákẹ́ ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dùn létí rẹ̀.

Ẹ má pè é lójijì o. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé nọ́mbà tí wọn ò mọ̀ mọ́ nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ sọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè yín nígbà yẹn, títí kan ìnagijẹ yín. Ẹ mú nǹkan kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀ sọ, kó lè dá a lójú pé ẹ̀yin ni. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tó rọrùn láti dáhùn, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ẹ má ṣe ro ẹjọ́ ọgbọ̀n ọdún. Bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè, “ojú ló ń tì mí” ti tó ní èsì. Ní ti owó, ẹ kàn sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ ò wá nǹkan kan, ohùn rẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Kí ẹ sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí: bí ẹ bá tiẹ̀ nílò ìrànwọ́ lóòótọ́, ẹ má ṣe béèrè rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ má sì béèrè rẹ̀ nígbà kejì.

Bí kò bá fèsì ńkọ́? Ẹ dúró fún oṣù méjì, kí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àìsàn lè dá ẹlòmíràn dúró, fóònù ẹlòmíràn á sì ti bọ́ sómi. Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lẹ́ẹ̀mejì láì gbọ́ nǹkan kan, ó tọ́ kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ẹgbẹ́ orí fóònù wa ti di ariwo

*Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa sílẹ̀ lọ́dún 2017. A ti di 214 níbẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, fọ́tò àtijọ́ la ń fi ránṣẹ́, inú gbogbo wa sì ń dùn. Ní báyìí, fídíò òṣèlú, oògùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kó káàkiri ni. Lóṣù tó kọjá, àwọn méjì bú ara wọn, èèyàn mọ́kànlá sì jáde. Ọkọ mi ní kí n tú u ká, pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún.*
— Ó ti rẹ̀ mí

Àbúrò mi, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Òótọ́ ni òwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí òwe náà dá: ogún. Eré ogún ọmọdé kì í pẹ́ lóòótọ́. Eré méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń pẹ́, mo sì mọ àwọn tí tiwọn ti lé ní ogójì ọdún nínú ìwé orúkọ mi.

Onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Robin Dunbar, tó ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti bí ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní iye èèyàn tí ọkàn ẹnì kan lè gbà ní ojúlùmọ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí 150 lọ, àwọn tó sún mọ́ni tímọ́tímọ́ nínú wọn kì í sì í ju nǹkan bí márùn-ún. Ó tún kíyè sí i pé bí àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá ti ju mẹ́rin lọ, wọn á pín sí méjì fúnra wọn. Ẹ̀yin 214 lẹ wá fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Kò sí bí kò ṣe ní di ariwo.

Ẹ má tú u ká. Ẹ sọ ọ́ di pátákó ìkéde. WhatsApp ní ètò kan tí ẹ lè fi ṣe é kó jẹ́ pé àwọn alámòójútó nìkan ló lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹ yan alámòójútó mẹ́rin, kó má dá kan ẹ̀yin nìkan. Ta ló bímọ, ta ló ń ṣàìsàn, ta ló kú, ìgbà wo ni ìpàdé, ó tán. Kí eré wá lọ sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké: àwọn tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n jọ ka ẹ̀kọ́ kan náà, àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìlú kan náà báyìí. Ní ti ọ̀rọ̀ akóròyìnká, ẹ máa wo òkè ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí àwọn èèyàn ti kó káàkiri lọ́pọ̀ ìgbà máa ń ní àmì ọfà méjì lórí. Ní sẹ́ẹ̀tì tiwa, ọlọ́fà méjì kì í wọlé. Òfin kan ṣoṣo yìí pa nǹkan bí ìdajì ìjà wa.

Àwọn méjì tó bú ara wọn, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ fi fóònù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mọ́kànlá tó jáde náà, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n padà wọlé. Ẹ kàn bi wọ́n pé báwo ni.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé yìí, ohun tó sì mú wa dúró nígbà náà ló mú wa dúró títí dòní. Èèyàn mẹ́jọ ló pín ìwé orúkọ náà láàárín ara wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ mẹ́sàn-án lọ́wọ́, á máa pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, á sì fi nọ́mbà tàbí àdírẹ́sì tuntun tó mi létí. Èèyàn mẹ́sàn-án kò pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti pè. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Williams College ní Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1821. Ẹ ronú iye ọdún tí kò fi sí nǹkan mìíràn tó so wọ́n pọ̀ ju lẹ́tà tí ẹnì kan jókòó kọ sí ẹlòmíràn.

Orúkọ rẹ̀ ti yí padà

*Obìnrin kan ni mò ń wá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, a jọ jáde lọ́dún 1983. Ó ti lọ́kọ, n ò sì mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Mo ti wá a lórí Facebook títí, n ò rí i. Ibo ni kí n tún gbà?*
— Olùwá

Ẹ wá àwọn arákùnrin rẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn kì í sábà yí padà, ọ̀nà yìí ni mo sì fi rí àwọn obìnrin mẹ́fà nínú sẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde nílé ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú. Wọn ò ní fún yín ní àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ má sì bínú sí wọn torí ìyẹn, ààbò rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fi lẹ́tà yín ṣọwọ́ sí i, kó lè pinnu fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń gba ìwé àṣẹ ló ń ṣe, bíi nọ́ọ̀sì tàbí agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní àkọsílẹ̀ orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè wò.

Àwa tí a jáde nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan tó bá wa tọ́jú ara wa. Ọdún 1995 ni Classmates, ìkànnì tí àwọn èèyàn fi ń wá àwọn tí wọ́n jọ kàwé, bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2004 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, 2006 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé. Orúkọ tí àwa obìnrin ń jẹ́ nílé ọkọ ni ọ̀pọ̀ wa gbé débẹ̀. Facebook gbà yín láyè láti fi orúkọ ìdílé yín ti àtijọ́ kún ti ìsinsìnyí. Gbogbo obìnrin tó bá ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti máa wá ẹ̀yin náà láti ọdún gbọọrọ.

Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó ní òun ni ọ̀rẹ́ yín, tó sì tètè dárúkọ owó, ẹ bi í ní ohun tí kò sí nínú fọ́tò kankan: orúkọ tí ẹ sọ olùkọ́ kan, tàbí ẹni tó ń hanrun nínú yàrá yín. Ọ̀rẹ́ yín á rẹ́rìn-ín. Gbájú-ẹ̀ á bínú.

Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo dà?

*Màmá, wọ́n ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí mi fún àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún sẹ́ẹ̀tì wa. Mo wà lára àwọn tí orí wọn pé jù nígbà yẹn. Òwò mi wó ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni mò ń ṣe báyìí ní ilé-iṣẹ́ kan. Àwọn tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọ̀gá àgbà. Ìyàwó mi ní kí n lọ. Ọkàn mi ò gbà á.*
— Ọlọ́dẹ

Arákùnrin mi, n ò ní tàn yín pé kò sí ẹni tó máa wò yín tìkà tẹ̀gbin níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dìde lọ sí tábìlì mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí.

Níbi àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tiwa lọ́dún 2011, èmi ni mo wà nídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, tí mò ń fún àwọn èèyàn ní káàdì orúkọ tí wọ́n máa fi kọ́rùn. Mo rí ọkùnrin kan níta, lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó di àpò ìwé pẹlẹbẹ kan mú láyà. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó padà. Ó tún sún mọ́ ọn, ó tún padà. Mo ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú, ó sì ti sọ fún ẹni tó ń pè é nínú àwọn mẹ́jọ wa pé òun ò ní wá. Mo jáde lọ bá a, mo fi káàdì rẹ̀ sí i lọ́rùn, fọ́tò ìgbà ọmọ ogún ọdún rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. N ò sọ nǹkan kan. A jọ wọlé.

Ohun tó wà nínú àpò yẹn ni fọ́tò gbogbo sẹ́ẹ̀tì wa, èyí tí a yà lọ́sẹ̀ ìkẹyìn. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ. Kò ṣi ẹyọ kan. Àwọn tí àwa yòókù ò lè rántí mọ́, ó mọ̀ wọ́n, ó mọ ibi tí wọ́n ń jókòó, ó mọ orin tí wọ́n máa ń súfèé rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn ti yí i ká, àwọn tó wà lẹ́yìn ń nàgà. Ọ̀gá àgbà kan nínú wa ń bi í pé, “Èmi ńkọ́, kí ni mo máa ń ṣe?” bí ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn òun fún òun. Ọkùnrin yẹn ti wà lára àwọn mẹ́jọ tó ń pè wá láti ọdún náà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i pé láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún ni ohun tí àgbàlagbà máa ń rántí jù lọ nínú ayé rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa darí sí bí ìpàdé yín bá ti gbóná díẹ̀. Kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí ọkàn yín balẹ̀ sí, ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí fún un ṣáájú, kí ẹ jọ wọlé. Ẹ tètè dé, torí yàrá tí kò tíì kún rọrùn láti wọ̀. Ẹ mú gbólóhùn kan dání láti ilé: “Òwò mi wó, iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe, ìwọ ńkọ́?” Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì bi í ní tirẹ̀. Bí owó ìdáwó bá wúwo, ẹ sọ fún akọ̀wé níkọ̀kọ̀. Akọ̀wé tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á ṣe é kó tó, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yin náà. Ẹ má ní kí èèyàn dìde sọ orúkọ àti ipò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ní lẹ́tà ńlá sára káàdì, ojú wa ò rí nǹkan kékeré mọ́. Ẹ ṣètò ìjókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìbéèrè tó dára jù tí mo mọ̀ ni “Ta lo rí kẹ́yìn nínú wa?”

Nọ́mbà olóògbé

*Ọ̀kan nínú wa kú lọ́dún tó kọjá. Nọ́mbà rẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Àwọn kan ní kí n yọ ọ́, àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán tó wà níbẹ̀ yí padà sí ti ọmọkùnrin kan tí a ò mọ̀. Jẹ̀bẹ̀tẹ̀ gbọ́mọ lé mi lọ́wọ́, Màmá.*
— Akọ̀wé kékeré

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ pe ìdílé rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń lo fóònù náà. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́mbà náà ti di ti ẹlòmíràn pátápátá, torí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù a máa gbé nọ́mbà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ fún oníbàárà tuntun. WhatsApp fúnra rẹ̀ a sì máa pa àkáǹtì tí kò bá ṣiṣẹ́ fún 120 ọjọ́ rẹ́. Bó bá jẹ́ àjèjì ló wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí, kó má bàa máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí yín. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ ní kí gbogbo yín wá ohùn rẹ̀ jáde, gbogbo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ náà, kí ẹ tọ́jú wọn, kí ẹ sì kó wọn fún ìdílé rẹ̀.

Nínú ìwé tèmi, àdírẹ́sì nìkan ni mo máa ń fa igi lé. N kì í fa igi lé orúkọ. Nínú àwa 73, méjìlá ti lọ. Mo kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, ẹni tó sì ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀ á máa pe ọkọ wọn, ìyàwó wọn tàbí ọmọ wọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọ̀rẹ́ mi tó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin yẹn wà lára àwọn méjìlá náà. Ọdún 2019 ló lọ, lẹ́yìn tí a ti jọ gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn tí a kò fi dákẹ́ sí ara wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mò ń pè báyìí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó bi mí pé irú èèyàn wo ni ìyá òun nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún. Mo sọ fún un pé ó máa ń fi ìka ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ti ṣi í kà, á sọ̀ kalẹ̀ láti tún un kà, bí ìdánwò tilẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Màmá, ó ń kà á títí tó fi kú. Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́rìnlá. Èmi náà ń kà á.”

Mo kọ nọ́mbà ọmọ náà sínú ìwé, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Lọ́dún yìí, òun ló kọ́kọ́ pè mí.